Ohùn Tó Dáhùn Láti Orí Ìjókòó Òfìfo

Kò sí ẹnì kankan lórí ìjókòó nígbà tí ohùn náà dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dáhùn. Yorùbá ló sì fi dáhùn.

Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa dún létí yín. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo wà l'Ékòó, kí ìjọba ológun tó lé wa kúrò, mo sì ń ṣe é níhìn-ín ní Toronto títí di òní. Bí èèyàn bá kó irú ìtàn báyìí wá bá mi, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé kí ló mu. Ẹ bi èmi náà. Tíì ni mo mu. Ọ̀sán ni, orí ẹsẹ̀ mi ni mo wà, ojú mi sì là kedere.

Sátidé kan nínú oṣù kejì ọdún yìí ni, nínú háńgà kan létí pápá bàálù kékeré lọ́nà Bowmanville. Ẹnjiníà Múyìwá, tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, fọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù àtijọ́ kan. Ẹ́ńjìnì gbaná. Bàálù náà fo igi tí wọ́n fi dí táyà rẹ̀, ó sáré jáde láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀, ó sì gbá Dípọ̀, ọ̀rẹ́ Múyìwá, lulẹ̀ sórí yìnyín.

Ìjọba ti gba láísẹ́ǹsì tí Múyìwá fi ń tún bàálù ṣe. Bí yóò bá tún rí i gbà padà tàbí kò ní rí i gbà mọ́, orí ìbéèrè kan ṣoṣo ló dúró lé: ta ló dá a lóhùn?

Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí Múyìwá jẹ́. Bàálù ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ilé iṣẹ́ bàálù kan tó ti kógbá sílé l'Ékòó ló ti kọ́ ọ, kó tó wá máa tún àwọn bàálù ńlá ṣe níhìn-ín. Bí ẹ bá ti wọ bàálù láti Toronto lọ sílé rí, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ rẹ̀ ti kàn án. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi tó bá ń bá èèyàn wí.

Ẹni tó sì máa ń bá wí jù ni Dípọ̀. Dípọ̀ kéré sí i púpọ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé gíga ní físíìsì lápá Georgetown. Kò sí Sátidé tí kì í wakọ̀ kọjá gbogbo ìlú yìí láti wá bá Múyìwá nínú háńgà, nítorí bàálù yẹn.

Ẹ má rò ó bíi bàálù tí ẹ mọ̀. Ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti ṣe é fún eré ìje, ṣáájú ogun àgbáyé kìíní. Igi ni egungun rẹ̀, aṣọ ni awọ rẹ̀, wáyà ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Apá rẹ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan lórí ìkejì, bíi bẹ́ẹ̀dì alájà méjì tí a sùn nílé ìwé. Ẹnì kan péré ló lè gbà. Epo lárà ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń mu, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń wẹ inú wa ní kékeré. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ háńgà náà, òórùn yẹn nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi jáde.

Doug ló ni háńgà náà, òyìnbó àgbàlagbà kan tó máa ń wọ fìlà òwú kan náà ní gbogbo ìgbà. Ó ní apá bàálù náà tuntun ni, aṣọ rẹ̀ tuntun ni, táyà tuntun ni. Mo bi í pé kí ló wá ṣẹ́kù nínú ti àtijọ́.

Ó ní, "Ẹ́ńjìnì, àti ìjókòó. A tún ẹ́ńjìnì ṣe. Ìjókòó yẹn, a ò fọwọ́ kàn án. Bí ẹni tó fi í díje ṣe kúrò lórí rẹ̀ ló ṣe wà."

Mo bi í pé ṣé ibẹ̀ ni ẹni náà kú sí.

"Kò sẹ́ni tó mọ̀," Doug ní. "Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó kúrò níbẹ̀ pàápàá."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín sí i mọ́ báyìí.

Nǹkan kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa bàálù yìí. Kò ní kọ́kọ́rọ́ tí èèyàn ń yí bíi ti mọ́tò. Ẹnì kan máa dúró níwájú, á fọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ onígi rẹ̀. Ẹnì kejì á wà lórí ìjókòó, níbi tí súwíìṣì iná wà. Ẹni iwájú kò lè rí ẹni tó jókòó, nítorí ẹ́ńjìnì àti apá òkè dí i lójú. Ohùn ni wọ́n fi ń rí ara wọn.

Ẹni iwájú á pè pé, "Ṣé iná wà ní pípa?" Ẹni tó jókòó á dáhùn pé, "Iná wà ní pípa." Ẹni iwájú á wá rọra yí abẹ̀bẹ̀ kí ẹ́ńjìnì lè fa epo. Lẹ́yìn náà, á ní, "Tan iná!" Ẹni tó jókòó á tan súwíìṣì, á ní, "Iná ti tàn." Ìgbà yẹn nìkan ni ẹni iwájú lè fi agbára yí i. Bí o ò bá gbọ́ ìdáhùn, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Abẹ̀bẹ̀ yẹn lè gé apá èèyàn.

Gẹ̀ẹ́sì ni Doug fi kọ́ wọn. Yorùbá ni àwọn méjèèjì sọ ọ́ dà. Eré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ nígbà tó yá, Múyìwá rí ọgbọ́n níbẹ̀. Ó sọ ọ́ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an.

"Màdáámú oníròyìn, bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì pè, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lè dáhùn. Àwọn èèyàn pọ̀ tó máa ń wọlé wá wò wá. Yorùbá ńkọ́? Bí mo bá ti gbọ́ Yorùbá láti orí ìjókòó yẹn, mo mọ̀ pé Dípọ̀ ni. Ọkàn mi balẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dára létí mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ló kó wa sí wàhálà.

Dípọ̀ pẹ́ dé lọ́jọ́ náà.

"Káàárọ̀ o, ọ̀gá tíṣà," Múyìwá ní. "Àbí kí n máa kí ọ káàsán?"

"Ẹ má bínú, sà. Yìnyín pọ̀ lọ́nà, sà."

"Yìnyín wo? Èyí tí èmi náà wà nínú rẹ̀? Àbí wọ́n ti fún Georgetown ní tiwọn lọ́tọ̀?"

Dípọ̀ fi ẹnu sí mi létí. "Auntie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e jáde pé wọ́n ń fìyà jẹ mí."

"Mo gbọ́ ọ!" Múyìwá pariwo láti ìdí ẹ́ńjìnì.

Ẹ kíyè sí "sà" yẹn. Dípọ̀ kì í sọ gbólóhùn kan fún Múyìwá láìfi "sà" sí i. Bó bá wà lórí ìjókòó, bákan náà ni: "Iná wà ní pípa, sà. Iná ti tàn, sà." Mo ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nígbà méjì tí wọ́n dán ẹ́ńjìnì náà wò láàárọ̀ yẹn. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ó gbaná, ó sì kú padà.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n fẹ́ tún un dán wò. Ẹnu bàálù náà kọjú sí ilẹ̀kùn ńlá tó wà ní ṣíṣí. Èmi àti Doug dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn lápá iwájú, Doug gbé agolo ìpaná dání. Níbi tí a wà, àwa náà kò lè rí orí ìjókòó. Dípọ̀ gun òkè. Múyìwá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti yẹ igi tó dí táyà wò.

Ohun tí kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa ni pé fóònù Dípọ̀ dún. Ìyàwó rẹ̀ ni. Ó pa súwíìṣì, ó tú bẹ́líìtì, ó sọ̀kalẹ̀ lódìkejì, ó gba ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀yìn jáde. Ó ní òun sọ pé, "Uncle, mò ń bọ̀, sà." Ẹ̀rọ tó ń mú háńgà gbóná ń pariwo. Múyìwá kò gbọ́.

Múyìwá dìde. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó pè.

"Ṣé iná wà ní pípa?"

Ó fetí sílẹ̀.

"Iná wà ní pípa."

Ohùn ọkùnrin ni. Kò ga. Ó jọ ohùn ẹni tí kò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tó ń fi ahọ́n tọ́ ọ̀rọ̀ wò kó tó gbé e jáde. Ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ó pé jù, bí ìgbà tí èèyàn kọ́ orin nínú èdè tí kò gbọ́.

Mo rántí pé mo wo Múyìwá. Mo rí i pé ó fa ojú ro díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀.

"Tan iná!"

"Iná ti tàn."

Ó fi agbára yí i.

Ẹ̀yin ará, mi ò gbọ́ irú ariwo yẹn rí. Gbogbo ẹ́ńjìnì náà ló ń yí pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Èéfín epo lárà bo ojú wa. Bàálù fo igi tó dí táyà rẹ̀. Múyìwá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, apá bàálù kọjá lórí rẹ̀, bàálù náà sì jáde sórí yìnyín.

Dípọ̀ ti rìn yí háńgà ká dé ìta iwájú, ó kẹ̀yìn sí wa, fóònù wà létí rẹ̀.

Mo kígbe orúkọ rẹ̀. Ó yí padà. Apá ìsàlẹ̀ gbá a, ó sì fọwọ́ ọ̀tún gúnlẹ̀. Egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dá. Bàálù yí padà, abẹ̀bẹ̀ náà ń bọ̀ wá sórí rẹ̀, mo rí i bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣe ń fẹ́ fìlà orí rẹ̀ lọ.

Ẹ́ńjìnì náà wá kú. Pàrà, bẹ́ẹ̀. Bí ìgbà tí èèyàn pa á.

Doug ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó wo orí ìjókòó. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó nàka sí i fún mi. Súwíìṣì wà ní pípa. Bẹ́líìtì ìjókòó náà sì wà ní dídè, ó fún, bí ìgbà tó di èèyàn mú. Kò di nǹkan kan mú.

Mo ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu gbogbo wọn láti ìgbà náà. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́.

Doug: "Mo gbọ́ ọkùnrin kan tó dáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò gbọ́ èdè wọn, mo ṣáà rò pé Dípọ̀ ni. Ta ni màá tún rò?"

Dípọ̀: "Mo gbọ́ tí Uncle ń pè, mo sì gbọ́ ẹni tó dáhùn. Mi ò sí lórí ìjókòó, mo wá rò pé wọ́n ń pè, wọ́n tún ń dá ara wọn lóhùn. Ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Iná yẹn, mo pa á kí n tó sọ̀kalẹ̀. Mo lè fi Bíbélì búra."

Múyìwá: "Mo gbọ́ pé kò sí 'sà' níbẹ̀. Etí mi gbọ́ ọ. Mo ní ọmọ yìí ń bínú nítorí mo bá a wí láàárọ̀. Mo ní màá kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ tó bá sọ̀kalẹ̀. Ìyẹn ni mo rò tí mo fi yí i."

Ọ̀gá ayẹ̀wò tí ìjọba rán wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e jẹ́ obìnrin gíga kan tí kì í ṣeré. Ó fetí sí gbogbo wa. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. Ó ní yàtọ̀ sí àwọn ọkùnrin méjì yẹn, èmi nìkan ni mo gbọ́ Yorùbá nínú ilé náà. Ó ní ṣé ó dá mi lójú pé kì í ṣe èmi ni mo dáhùn, bóyá nínú eré.

"Ohùn ọkùnrin ni," mo ní.

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀," ó ní.

Doug sọ bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni Doug, ẹ̀rọ ìmúlé-gbóná ń pariwo, mo sì rí i lójú obìnrin náà pé ó ti mọ ohun tó fẹ́ kọ: pé kò sẹ́ni tó dáhùn, tàbí pé èmi ni. Ọ̀nà méjèèjì, láísẹ́ǹsì Múyìwá ti lọ.

A kóra jọ nílé Múyìwá lálẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Dípọ̀ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó ní òun ti ronú sí i.

"Uncle, ẹ kúkú sọ pé èmi ni mo dáhùn láti ìta. Ẹ ní mo ń ṣeré. Èmi ò ní láísẹ́ǹsì tí wọ́n máa gbà. Kí ni wọ́n lè fi mí ṣe?"

"Ṣé ìwọ lo dáhùn?" Múyìwá bi í.

"Rárá, sà."

"Ó tán nìyẹn."

Ìyàwó Múyìwá, Auntie Rónkẹ́, gbé oúnjẹ sílẹ̀. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́. Kò ní pẹ́ tí ẹ máa fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí ràn yín lọ́wọ́."

"Rónkẹ́, ọwọ́ yìí ni mo fi ń fọwọ́ sí i pé bàálù dára, kí èèyàn tó gbé ọmọ rẹ̀ wọ̀ ọ́. Tí mo bá fi fọwọ́ sí irọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ló kù nínú rẹ̀? Ẹnì kan dá mi lóhùn. Màá lọ padà síbẹ̀, màá pè é, á sì dáhùn lójú wọn."

Kò sẹ́ni tó jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀gá ayẹ̀wò náà gbà kí a padà sí háńgà. Ọ̀sán ni èyí náà. Wọ́n ti fa gbogbo epo kúrò, wọ́n ti tú wáyà iná. Doug tú bẹ́líìtì ìjókòó náà, ó jù ú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, gbogbo wa rí i. Wọ́n pa ẹ̀rọ ìmúlé-gbóná. Dípọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Doug. Obìnrin náà ní kí n dúró síwájú òun gan-an. Ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu mi. Mo pa ètè mi pọ̀, mo jẹ́ kó wò ó tẹ́rùn.

Múyìwá pè.

"Ṣé iná wà ní pípa?"

Kò sí nǹkan kan.

Ó tún pè. Kò sí nǹkan kan. Mo gbọ́ bí yìnyín ṣe ń kán sílẹ̀ láti orí òrùlé.

"Ó tó," obìnrin náà ní. Ó fẹ́ bo ìwé rẹ̀ dé.

Múyìwá kò kúrò níwájú bàálù. Ó gbé ọwọ́ lé abẹ̀bẹ̀ onígi náà. Ohùn rẹ̀ yí padà. Ohùn tó fi ń bá Dípọ̀ wí ló mú jáde.

"Mo ní, ṣé iná wà ní pípa? Àgbàlagbà ló ń bi ọ́. Ẹni tó lè kọ́ Yorùbá lè kọ́ ìwà."

Mo ka èémí mi. Lẹ́yìn náà, láti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì yẹn, jẹ́ẹ́jẹ́:

"Iná wà ní pípa... sà."

Dípọ̀ di apá Doug mú. Doug bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, èmi ò sì mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn pé Doug máa ń gbàdúrà.

Ẹnu mi wà ní pípadé. Obìnrin náà ń wò ó. Ojú rẹ̀ funfun bí bébà. "Kí ló sọ?" ó bi mí wúyẹ́wúyẹ́.

Mo sọ ọ́ fún un.

Ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ bàálù náà fúnra rẹ̀, ó wo inú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà, ohun kan ṣoṣo ló bi Doug: ta ló de bẹ́líìtì yẹn?

Doug mi orí. Kò sẹ́ni tó lọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mi ò mọ ẹni tó wà lórí ìjókòó yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ pa Dípọ̀ ni, àbí òun gan-an ló pa iná kí Dípọ̀ má bàa kú. Múyìwá gbà pé òun ló pa á. Dípọ̀ kò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rárá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó gbọ́ wa, Sátidé lẹ́yìn Sátidé, títí ó fi mọ ohun tí wọ́n ń retí kó sọ. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ, tí ẹnì kan ń pè, tí ẹnì kan ń dáhùn, ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ nítorí pé èdè yín ni ẹ gbọ́. Ẹ rìn yí i ká. Ẹ wo ojú ẹni náà kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Mo pe ọ́fíìsì àwọn aláyẹ̀wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní wọn ò béèrè lọ́wọ́ mi mọ́ bóyá èmi ni mo dáhùn. Wọ́n ti yọ abẹ̀bẹ̀ bàálù náà, wọ́n ti ti háńgà pa, láísẹ́ǹsì Múyìwá sì ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá wọn obìnrin kọ ọ́ pé òun gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọ̀gá ayẹ̀wò kan ṣoṣo kò tó. Tí yìnyín bá ti yọ́ tán, wọn yóò tún rán obìnrin náà àti ọ̀gá mìíràn lọ. Wọn yóò tú ìjókòó àtijọ́ náà, wọn yóò gbé e sínú yàrá kan lọ́tọ̀, wọn yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀, Múyìwá yóò sì dúró síwájú bàálù, yóò pè.

Mo bi wọ́n pé bí nǹkan kan bá dáhùn láti inú yàrá yẹn ńkọ́?

Ọkùnrin tó gbé fóònù náà ka àṣẹ wọn fún mi. Ó ní bí kò bá dáhùn, wọn yóò gba láísẹ́ǹsì náà pátápátá. Bí ó bá dáhùn, àwọn ọ̀gá méjèèjì yóò fọwọ́ sí i pé ó dáhùn, wọn yóò sì dá láísẹ́ǹsì ọkùnrin náà padà fún un.